Ẹ Má Tíì Béèrè Oògùn Dystonia, Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ohun Tó Fà Á

Ènìyàn méjì lè wọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kan náà, kí ọrùn àwọn méjèèjì wọ́ sí apá kan náà, kí àgbọ̀n wọn máa fà sórí èjìká, kí ojú lásán má sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni yóò tú ọrùn ẹni àkọ́kọ́ sílẹ̀ kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, bí kò bá sì tún fojú kan oògùn tó dà á láàmú, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹnì kejì yóò máa gba abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe irú ìyẹn rárá ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọmọdé kan tún wà níbòmíràn tí wọ́n ń pọ̀n kiri pé arọ ni, bẹ́ẹ̀ oògùn díẹ̀ lójoojúmọ́ ló máa gbé e dìde tí yóò fi sáré lọ sí iléèwé. Orúkọ kan náà ni dókítà yóò kọ sínú káàdì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: dystonia. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá béèrè lọ́wọ́ wa pé kí ni oògùn ọrùn tó wọ́, a kì í lè dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Èwo ni nínú wọn? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Oògùn wo ló lò ṣáájú? Ibẹ̀ ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ọdún gbọọrọ ṣòfò.

Inú ọpọlọ ni wàhálà yìí ti ń wá, kì í ṣe inú ọrùn tàbí ọwọ́ tó ń fà. Bí a bá fẹ́ yí ojú sí ọ̀tún, ọpọlọ a ní kí iṣan kan fà, a sì ní kí èyí tó dojú kọ ọ́ dẹ̀. Lára ẹni tó ní dystonia, àṣẹ méjèèjì ti dàrú mọ́ra wọn: iṣan tó yẹ kó fà ń fà, èyí tó yẹ kó dẹ̀ náà ń fà, bíi dẹ́rẹ́bà tó tẹ tọ́túù mọ́ búréèkì. Ìpara àti ìwọ́ra lè mú ìrora rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, wọn kò lè dé ibi tó ti ń wá. Kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni di orí aláìsàn mú kó fi agbára tẹ̀ ẹ́ padà: ó lè ṣe egungun àti iṣan ọrùn léṣe, dystonia á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ó lè mú ìpéǹpéjú méjèèjì, tí ojú á fi máa pa dé fúnra rẹ̀ lójú títì. Ó lè mú àgbọ̀n tàbí ohùn. Ó lè mú ọwọ́ kìkì nígbà tí onítọ̀hún bá di bírò mú, kí ọwọ́ kan náà gé ẹ̀fọ́ tàbí di irun láìsí wàhálà kankan. Ó sì lè gba gbogbo ara. Nítorí pé ó ń yan iṣẹ́ tí yóò dà rú báyìí ni àwọn ará ilé fi máa ń sọ pé ẹni náà ń díbọ́n. Kò díbọ́n. Bí àìsàn náà ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá sì ti fi ẹ̀sùn irọ́ kan aláìsàn ti mú kí ó máa fi í pa mọ́ títí yóò fi le sí i.

Èyí tó yá jù láti wò sàn ni èyí tí oògùn fà, òun náà sì ni wọ́n ń ṣì mú jù nílẹ̀ wa. Ibà mú ọ̀dọ́ kan, ó ń bì, wọ́n gún un ní metoclopramide kí èébì lè dúró. Láàárín wákàtí díẹ̀, tàbí lọ́jọ́ kejì, ojú rẹ̀ yí sókè kò sọ̀ mọ́, ahọ́n yọ síta, ọrùn fà sẹ́yìn, àgbọ̀n há. Ilé á dàrú. Àwọn kan á ní gìrì ni, àwọn kan á ní wárápá, àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ó ń gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ń sọ, ó mọ ibi tó wà, bí ẹ bá ní kó na ọwọ́, á gbìyànjú láti nà án. Ẹni tí wárápá gbé ṣánlẹ̀ tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n kì í gbọ́ nǹkan kan. Ti tẹ́tánọ́ọ̀sì yàtọ̀ pẹ̀lú: ọgbẹ́ sábà máa ń ṣáájú rẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ló fi ń le sí i, ariwo tàbí ìfọwọ́kàn díẹ̀ a sì mú kí gbogbo ara gan.

Metoclopramide nìkan kọ́. Haloperidol àti chlorpromazine tí wọ́n ń lò fún àrùn ọpọlọ lè ṣe é, prochlorperazine tó wà fún òòyì àti èébì náà lè ṣe é. Amodiaquine, tí wọ́n pò mọ́ artesunate nínú oríṣi oògùn ibà kan, lè ṣe é bákan náà, èyí sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n nítorí pé ẹnikẹ́ni lè rà á ní kẹ́mísí láìsí ìwé dókítà. Bí wọ́n bá wá gún ẹni tó ń lo amodiaquine ní metoclopramide nítorí pé ó ń bì, oògùn méjì tó lè lọ́ ara ló wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló ń mú jù. Ní 2013, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn nílẹ̀ Yúróòpù pààlà sí metoclopramide: kí àgbàlagbà má lò ju 30 mìlígíráàmù lọ lójúmọ́, kó má kọjá ọjọ́ 5, kí wọ́n má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá. Ó wù wá kí gbogbo ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò mọ ààlà yẹn.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ní Amẹ́ríkà, benztropine 1 sí 2 mìlígíráàmù tàbí diphenhydramine 25 sí 50 ni wọ́n ń gún. Ní Ìlú Ọba, procyclidine 5 sí 10 ni. Nínú ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù tiwa, promethazine ló sábà máa ń wà nítòsí, pẹ̀lú hóró benzhexol. Bí abẹ́rẹ́ bá gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọlé, ọrùn á ti máa dẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 5 sí 20. Bí ó bá jẹ́ ìdí ni wọ́n gún, ó lè tó 30. Ibi tí wọ́n ti ń kùnà ni pé, tí ara bá ti tú, wọ́n á ní kó máa lọ ilé lọ́wọ́ òfo. Oògùn tó fa wàhálà sábà máa ń pẹ́ nínú ara ju èyí tó tú u lọ. Bí kò bá sí hóró oògùn tí yóò máa lò fún ọjọ́ 2 tàbí 3 sí i, ọrùn lè tún wọ́ lóru, ẹni tó ti ń sọ pé ayé ni á sì rí ẹ̀rí tó ń wá.

Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kí ẹnikẹ́ni má ki ṣíbí bọ eyín rẹ̀, kí wọ́n má da omi, àgbo tàbí epo pupa sí i lẹ́nu, nítorí ọ̀fun tó ń fà lè darí rẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ kó gbogbo oògùn tó lò láti ọjọ́ mẹ́ta dání, àti páálí wọn. Bí mímí rẹ̀ bá ti ń dún bí ẹni pé nǹkan há sí i lọ́fun, ìyẹn kò gba ìdúró rárá, torí iṣan ọ̀nà ọ̀fun ló ń fún un. Lẹ́yìn tó bá gbádùn, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà gàdàgbà sí iwájú káàdì rẹ̀.

Òmíràn wà tó jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún tí ènìyàn ti ń lo oògùn àrùn ọpọlọ ló máa ń yọjú, ọrùn á máa fà sẹ́yìn, ẹ̀yìn á máa tẹ̀. Èyí kì í tètè lọ. Àwọn ẹbí máa ń kó oògùn náà dànù fúnra wọn, àrùn ọpọlọ á padà dé pẹ̀lú agbára, dystonia kò sì ní tìtorí ìyẹn dẹ̀. Dókítà ló yẹ kó dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kó pààrọ̀ rẹ̀ sí quetiapine tàbí clozapine, èyí tó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Tetrabenazine lè ràn án lọ́wọ́, 12.5 mìlígíráàmù ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọkàn ènìyàn rẹ̀wẹ̀sì gan-an. Ẹni tó ti ní èrò àtipa ara rẹ̀ rí kò gbọ́dọ̀ lò ó láìjẹ́ kí dókítà mọ̀.

Nípa ti àwọn ọmọdé, òfin kan wà tí a kò ní yé tẹnu mọ́: kò yẹ kí wọ́n pe ọmọ kankan tó ní dystonia, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó fà á, ní arọ títí ayé láìtíì dán levodopa wò lára rẹ̀. Masaya Segawa, dókítà ará Japan, ló ṣàpèjúwe oríṣi kan ní àwọn ọdún 1970, tó jẹ́ pé ọpọlọ ọmọ náà kò lè ṣe dopamine, kẹ́míkà tó fi ń darí iṣan, tó. Levodopa ni oògùn tí ọpọlọ ń sọ di dopamine yẹn. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6: ẹsẹ̀ kan á máa yí wọnú, ọmọ á máa rìn lórí ìka. Ẹ ṣọ́ àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó jí tó ń rìn dáadáa, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ń lọ́ bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, tó tún san lẹ́yìn oorun, ti fi ọ̀nà han dókítà. Wọn kì í béèrè ìyẹn tó.

Bí wọ́n ṣe ń dán an wò nìyí: levodopa tó ní carbidopa nínú, tí hóró rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 25/100. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú levodopa 1 mìlígíráàmù fún kílò kan nínú ìwúwo ọmọ lójúmọ́, wọ́n á pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, wọ́n á sì máa fi kún un díẹ̀díẹ̀ títí dé 4 tàbí 5. Ọmọ tó wọn kílò 20 ń bẹ̀rẹ̀ ní 20 mìlígíráàmù, èyí tó jẹ́ ìdá márùn-ún hóró kan, nítorí náà oníṣègùn ilé oògùn ló yẹ kó pò ó, kì í ṣe kí ìyá máa fi ọ̀bẹ gé e. Àgbàlagbà lè dé 300, nígbà mìíràn 600. Wọ́n ní láti fún un ní oṣù kan gbáko kí wọ́n tó ní kò ṣiṣẹ́. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀: kí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, tàbí kí wọ́n kánjú gbé e sókè, tí ara ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí jó láìdúró, tí ẹ̀rù á sì ba gbogbo ilé. Bí ó bá ń rí i lára, kí ó lò ó pẹ̀lú oúnjẹ. Metoclopramide kọ́ ni wọ́n máa fún un nítorí èébì, domperidone ni. Ọmọ tí èyí bá jẹ́ tirẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí rìn láàárín ọjọ́ díẹ̀, oògùn kékeré náà á sì máa ṣiṣẹ́ fún ẹ̀wádún púpọ̀.

Ohun kejì tí ọ̀dọ́ tó ní dystonia kò gbọ́dọ̀ sá fún ni àyẹ̀wò àrùn Wilson, níbi tí bàbà inú oúnjẹ ti ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ. Ọwọ́ á máa gbọ̀n, ọ̀rọ̀ á máa wúwo lẹ́nu, ìwà á yí padà. Àyẹ̀wò ceruloplasmin, èròjà tó ń gbé bàbà kiri nínú ẹ̀jẹ̀, ìwọ̀n bàbà nínú ìtọ̀ wákàtí 24, àti ẹ̀rọ dókítà ojú tó lè rí òrùka tó yí ẹyinjú ká ló ń fi í hàn. Penicillamine, trientine tàbí zinc ni ìtọ́jú rẹ̀, títí ayé ni. Penicillamine lè mú kí ara burú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sókè. Kí wọ́n yẹ àwọn ọmọ ìyá àti bàbá rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti ní in.

Ti ibà pọ́njú àwọn ìkókó ló ń dùn wá jù, nítorí pé ó ṣeé dènà. Bí ohun tó ń mú ojú ọmọ pọ́n, bilirubin, bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó ń wọ ọpọlọ, ó sì ń jó ibi tó ń ṣàkóso iṣan gan-an. Ọmọ náà á dàgbà pẹ̀lú dystonia gbogbo ara. Àìtó G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kó má fọ́, wọ́pọ̀ láàárín àwa Yorùbá, káńfọ̀ tí wọ́n kó sáàárín aṣọ ọmọ tuntun sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́. Kí káńfọ̀ jìnnà sí aṣọ ìkókó. Gbígbé ọmọ sí oòrùn àárọ̀ lójú fèrèsé kò tó fún ibà pọ́njú tó ti le. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Island Maternity Hospital ní Èkó, tó jáde ní 2015, fi hàn pé oòrùn tí wọ́n sẹ́ gba inú àgọ́ tó ní rọ́bà pàtàkì, tó ń dí ìtànṣán tó léwu, lè ṣiṣẹ́ bí iná búlúù ọsibítù fún ibà pọ́njú tí kò tíì le jù; àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣọ́ àwọn ọmọ náà. Èyí tó bá le ju bẹ́ẹ̀ lọ lè gba kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an. Fún ọmọ tó ti bá a lọ, baclofen àti benzhexol lè mú ara rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ etí rẹ̀ wò: àrùn yìí sábà máa ń ba ìgbọ́ràn jẹ́, wọ́n á sì máa pe ọmọ tó gbọ́n ní dìndìnrìn.

Bí dystonia bá mú ibì kan ṣoṣo nínú ara àgbàlagbà, tí kì í ṣe oògùn ló fà á, abẹ́rẹ́ botulinum, tí wọ́n fi májèlé kòkòrò àìfojúrí kan ṣe, ló ṣáájú gbogbo ìtọ́jú. Alan Scott, dókítà ojú ní San Francisco, ló sọ májèlé yìí di oògùn. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún ìpéǹpéjú tó ń pa dé ní 1989, ó sì fọwọ́ sí i fún ọrùn ní 2000. Níbi tí fọ́nrán tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ ti pàdé iṣan, kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ acetylcholine ló ń jíṣẹ́. Botulinum kì í jẹ́ kí kẹ́míkà yẹn jáde, iṣan tí kò gbọ́ àṣẹ á sì dẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta, fọ́nrán náà á ti tún ara rẹ̀ ṣe, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ á tán. Kò wo ọpọlọ sàn, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni ta á fún yín bí ẹni pé yóò wò ó sàn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gún un, ẹ má retí nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ 3 sí 7 ni yóò bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 ni agbára rẹ̀ ń pé, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 12 ni yóò máa lọ. Àwọn kan á padà lọ ní ọ̀sẹ̀ kẹta pé kí wọ́n fi díẹ̀ kún un. Ìpalára wà nínú ìyẹn: bí abẹ́rẹ́ bá ń sún mọ́ra jù, ara lè kọ́ bí a ṣe ń bá oògùn náà jà, lẹ́yìn náà kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ló kéré jù láàárín méjì.

Orúkọ tó wà lára ìgò ṣe pàtàkì. Botox, Dysport àti Xeomin jẹ́ oríṣi A, Myobloc jẹ́ oríṣi B, yúnítì ọ̀kan kì í sì í ṣe yúnítì èkejì. Fún ọrùn, 500 yúnítì ni Dysport sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Botox máa ń wà láàárín 200 sí 300, tí ẹni tí kò gbà á rí á sì bẹ̀rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ìyẹn. Ti Myobloc wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá gba 200 yúnítì ọ̀kan lónìí, tó lọ síbòmíràn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tó sì sọ pé "200 ni wọ́n ń fún mi" láìdárúkọ, lè gba èyí tó kéré jù tàbí èyí tó pọ̀ jù. Ẹ kọ orúkọ, iye yúnítì, iṣan tí wọ́n gún àti ọjọ́ rẹ̀ sínú ìwé tiyín.

Ìyẹ̀fun ni Botox inú ìgò, omi iyọ̀ 0.9% tí kò ní kẹ́míkà ìpamọ́ ni wọ́n fi ń pò ó. Bí wọ́n bá fi mìlílítà 1 po ìgò yúnítì 100, inú 0.1 mìlílítà ní yúnítì 10. Bí ó bá jẹ́ mìlílítà 2, ó ní 5. Bí ó bá jẹ́ 4, ó ní 2.5. Bí omi bá ṣe pọ̀ tó ni oògùn ṣe máa ń tàn ká tó, èyí tó léwu nítòsí ọ̀fun. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń yí ìgò náà, wọn kì í mì ín kó hó. Inú fíríìjì tó wà láàárín 2 sí 8 ni ó ń gbé, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá ti pò ó ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó, ìyókù kì í ṣe ohun tí a ń tọ́jú di oṣù tó ń bọ̀. Àwọn tó ń tà á máa ń sọ pé Xeomin kò nílò fíríìjì. Òótọ́ ni pé ìgò rẹ̀ tí wọn kò tíì ṣí lè wà níta títí dé 25 lórí ìwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n yàrá wo ní Èkó tàbí Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún ni kò ju 25 lọ nígbà tí kò sí iná? Nítorí náà, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí iná bá lọ, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, ẹ ní kí wọ́n ṣí ìgò níṣojú yín. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ibi tí wọ́n gún un ló ń pinnu ju iye yúnítì lọ. Bí ojú bá yí sí ọ̀tún, iṣan ẹ̀yìn ọrùn lápá ọ̀tún àti iṣan gbọọrọ iwájú ọrùn lápá òsì ló sábà máa ń ṣe é. Èyí tó wà níwájú yẹn sún mọ́ ọ̀nà ọ̀fun: bí wọ́n bá gún ti apá méjèèjì, tàbí tí Botox tó lọ síbẹ̀ bá ju 100 yúnítì lọ, ewu kí oúnjẹ máa há lọ́fun pọ̀ sí i. Dókítà tó bá ń fi ẹ̀rọ ohùn iṣan tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo oyún wá iṣan ń dín àṣìṣe kù, pàápàá fún ọrùn tó nípọn àti fún ọwọ́. Fún ìpéǹpéjú, 1.25 sí 2.5 yúnítì ni fún ojú abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọn kì í sì í gún àárín gbùngbùn ìpéǹpéjú òkè kó má baà wó bo ojú. Fún ohùn, ìwọ̀n kékeré gan-an ni. Ohùn á rẹlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, omi lè máa ṣì gba ọ̀nà, kí ẹni náà mu ún díẹ̀díẹ̀. Fún ọwọ́ ìkọ̀wé, ìka tó kàn lè rẹ̀ jù. Leon Fleisher, olùtẹ dùùrù ará Amẹ́ríkà, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ́ pọ̀ ní 1964, padà fi ọwọ́ méjèèjì tẹ dùùrù ní àwọn ọdún 1990 lẹ́yìn tó bẹ̀rẹ̀ sí gba abẹ́rẹ́ yìí. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi botulinum na iwájú orí nínú ṣọ́ọ̀bù ìṣaralóge kò tìtorí ìyẹn mọ iṣan ọrùn. Ọ̀dọ̀ dókítà ọpọlọ àti iṣan (neurologist) ni kí ẹ lọ, ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH Ìbàdàn, LUTH, tàbí OAUTHC ní Ilé-Ifẹ̀, kí ẹ sì béèrè ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀.

Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní myasthenia, àrùn tó ń sọ iṣan di aláìlágbára, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí ẹ bá ń gba gentamicin tàbí streptomycin, nítorí pé àwọn oògùn yẹn lè mú kí iṣẹ́ botulinum le ju bó ṣe yẹ lọ. Gentamicin pọ̀ ní kẹ́mísí wa, ẹni tó gba botulinum lọ́sẹ̀ tó kọjá kò sì ní rò pé ọ̀rọ̀ kàn án. Bí ìgbà àkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ má tíì jáwọ́. Ó sábà máa ń gba ìgbà 2 tàbí 3 kí dókítà tó mọ iṣan àti ìwọ̀n tó bá yín mu. Fídíò orí fóònù, ọ̀kan ṣáájú abẹ́rẹ́, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, wúlò fún un ju àlàyé lọ.

Hóró oògùn ló kù fún èyí tó gba ibi púpọ̀ nínú ara. Benzhexol, tí wọ́n tún ń pè ní trihexyphenidyl, ló ṣáájú. Wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 mìlígíráàmù lójúmọ́, wọ́n á máa fi 1 sí 2 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á sì pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ara ọmọdé ń gbà á ju ti àgbàlagbà lọ. Nínú ìwádìí tó jáde ní 1986, àwọn aláìsàn dé nǹkan bí 30 mìlígíráàmù lójúmọ́. Ẹnu á gbẹ, ìgbẹ́ á le, ojú á ṣú, ìrántí á dín kù. Arúgbó lè máa sọ ìsọkúsọ. Ẹni tó ní gulọkóómà tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ kì í dà dáadáa nítorí pírọ́sítéètì ní láti sọ fún dókítà kó tó fojú kàn án. Ó tún ń dí òógùn: ọmọ tó ń lò ó lè gbóná lójijì nínú oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n máa fún un lómi, kí wọ́n fi í síbòòji. Kí wọ́n tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú, torí àwọn ọ̀dọ́ kan ń lò ó ní ìlòkulò. Baclofen ń bẹ̀rẹ̀ ní 5 mìlígíráàmù ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, clonazepam ní 0.25 sí 0.5 lálẹ́. Clonazepam kò gbọ́dọ̀ bá ọtí tàbí tramadol pàdé.

Iṣẹ́ abẹ wà fún ẹni tí gbogbo èyí kò ràn lọ́wọ́. Wọ́n á fi wáyà tín-ín-rín méjì sínú ibi tí wọ́n ń pè ní globus pallidus nínú ọpọlọ, wọ́n á so ó mọ́ ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì lábẹ́ awọ àyà, tí yóò máa rán iná mànàmáná díẹ̀ lọ síbẹ̀. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún dystonia ní 2003. Àwọn tó jogún àbùkù nínú jíìnì kan tó ń jẹ́ TOR1A, tí wọ́n sì jẹ́ ọ̀dọ́, ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀ jù. Kì í ṣe lọ́jọ́ kan, ọ̀sẹ̀ títí dé oṣù mélòó kan ni. Kí ẹni tó bá ń wọ́n owó iṣẹ́ abẹ yìí nílẹ̀ òkèèrè ṣírò owó bátìrì mọ́ ọn, torí èyí tí kò ṣeé chájì sábà máa ń tán láàárín ọdún 3 sí 5, àti owó ìrìnnà àtúnṣe, nítorí ẹ̀rọ náà nílò ẹni tó mọ̀ ọ́n tò.

Láàárín gbogbo èyí, ara fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tàn díẹ̀ tó lè ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọrùn rẹ̀ wọ́ ló ti rí i pé bí òun bá fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí àgbọ̀n lásán, orí á padà sáàárín. Kì í ṣe agbára ìka ló ṣe é, ìfọwọ́kàn ni. Ẹ lò ó, ẹ sì lo àga tó ní ẹ̀yìn gíga. Bírò tó nípọn ń ran ọwọ́ ìkọ̀wé lọ́wọ́, awò tó ní àwọ̀ ń ran ojú tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Àkókò tó dára jù fún fìsíò ni ọ̀sẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ti dẹ iṣan, kí wọ́n lè kọ́ iṣan tó dojú kọ ọ́ bí yóò ṣe di orí mú. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn àti àìbalẹ̀ ọkàn wọ́pọ̀ gan-an nínú àìsàn yìí. Wọ́n nílò ìtọ́jú tiwọn.

Àwẹ̀ ń kọ wá lóminú. Ẹni tó ń gba àwẹ̀ Ramadan tàbí àwẹ̀ ọlọ́jọ́ púpọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lè dá baclofen, clonazepam tàbí benzhexol dúró lẹ́ẹ̀kan náà, bí ó sì ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀, dystonia lè bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ gbogbo ara láìdákẹ́. Kí ó bá dókítà sọ̀rọ̀ ṣáájú kí wọ́n lè tún àkókò oògùn tò sí sààrì àti ìṣínu, tàbí kó má gbà á. Ibà, àkóràn àti bátìrì ẹ̀rọ ọpọlọ tó kú lójijì náà lè fa lílọ́ aláìdákẹ́ yìí. Bí ara bá ń lọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí kò jẹ́ kó sùn, tí ara gbóná, tí ìtọ̀ ń jáde ní àwọ̀ dúdú, iṣan ló ń fọ́, kíndìnrín sì wà nínú ewu. Ilé ìwòsàn tó ní yàrá ìtọ́jú àkànṣe ni kí ẹ gbé e lọ tààrà. Ẹ mú ìwé tí ẹ kọ oògùn àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí dání, ẹ sọ oògùn tó dá dúró àti ọjọ́ tó dá a dúró, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ CK, èyí tó ń fi hàn bí iṣan bá ń fọ́, àti kíndìnrín rẹ̀ wò nínú ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fa omi sí i lára.